Ó Wà Lábẹ́ Igbá

Láti ìgbà tí àbúrò mi Ràfátù ti kú ni èdè kan ti ń kú lọ lẹ́nu mi. Kì í ṣe Yorùbá ni mò ń wí. Yorùbá ń bẹ níbẹ̀, wọ́n ń fi ka ìròyìn lórí rédíò, àwọn ọmọ mi náà ń sọ ọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń da Gẹ̀ẹ́sì sí i bí ẹni ń da omi sí ọbẹ̀ kí ó lè kárí. Èdè ilé wa ni mò ń wí, èyí tí à ń sọ ní agbo ilé wa ní Ayétòrò, lápá ibi tí ọ̀nà ti yà sí Ìmẹ̀kọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé inú ilé wa ni wọ́n bí wọn sí, tí wọn kò sì rìn ju ojúde lọ. Bí mo bá sọ ọ̀kan nínú wọn fún ẹlòmíì lónìí, yóò wò mí bí ẹni ń wo arúgbó tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣáko. Ràfátù nìkan ló kù tó máa ń dá mi lóhùn. Ní Ìlaròó ló ń gbé, lọ́dọ̀ Múrì ọmọ rẹ̀, èmi ń gbé níbí ní Ayétòrò, kò sì sí àárọ̀ tí kì í pè mí lórí fóònù. Bí a bá ti kí ara wa tán, màá bi í léèrè ohun yòówù tí à ń retí, ìbáà ṣe oyún ọmọ ọmọ, ìbáà ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kan ń wá, ìbáà ṣe òjò. Á ní, "Ó wà lábẹ́ igbá." Èmi á ní, "Kí igbá má fọ́." A ó wá máa rẹ́rìn-ín, àwa obìnrin méjì tí eyín ti tán lẹ́nu wa, lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá nígbà tí wọ́n bí i. Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe bí i. N kò rò pé yóò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Mo kàn mọ̀ pé bí n kò bá sọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ mọ́.

Agbo ilé wa kò tóbi. Bàbá wa, Sàlámì, ń dá oko ẹ̀gẹ́. Màmá wa ń rin ẹ̀gẹ́ náà, wọ́n ń yan gàrí, wọ́n sì ń tà á. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì Màmá, ṣùgbọ́n Ìyá Jímọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, nítorí ẹ̀gbọ́n wa Jímọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ bí. Lẹ́yìn Jímọ̀, àwọn ọmọ mìíràn wá, wọ́n padà, kí èmi Ṣìfáwù tó dé, kí Ràfátù tó tẹ̀ lé mi. Ìyá tó bí Bàbá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ni yàrá tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Ní ọwọ́ òsì, Bàbá Táńkò ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe; ní ọwọ́ ọ̀tún, Sáúbánà ń sin ewúrẹ́ tí kì í gbọ́ràn. Bí mo bá pa ojú dé báyìí, etí mi ló kọ́kọ́ ń padà síbẹ̀ kí ojú tó tẹ̀ lé e. Mò ń gbọ́ páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, tí a ń rin ẹ̀gẹ́ lójú rẹ̀, hàràhàrà, hàràhàrà, títí ìka ọwọ́ á fi bó. Mò ń gbọ́ àfọ́kù igbá tí Màmá fi ń ro gàrí nínú agbada, ṣàà, ṣàà, láàárín èéfín, tí wọn á máa húkọ́ tí wọn kò sì ní dáwọ́ dúró. Mò ń gbọ́ Bàbá Táńkò tó ń gbá aago kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wò. Èmi àti Ràfátù la ń gbálẹ̀ lówùúrọ̀, àwa la ń pọnmi, àwa la ń bó èèpo ẹ̀gẹ́ títí ẹ̀yìn wa á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ní ìrọ̀lẹ́, làfún funfun àti ọbẹ̀ ilá, ẹja gbígbẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, tí Màmá ń pín láìsọ̀rọ̀, bí ẹni ń pín ogún.

Ìyá Àgbà kò fẹ́ kí ọmọdé kàn máa gbé ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Bí ọ̀rọ̀ àgbà kan bá bọ́ lẹ́nu wa, wọn á ní, "Ta ló bí i?" A ní láti sọ ìyá tó bí ọ̀rọ̀ náà; bí a kò bá sì mọ̀ ọ́n, àwọn fúnra wọn á sọ ọ́. Mo rántí ọjọ́ tí Ràfátù wí pé òun fi àáké kọ́rí, òun kò ní lọ sídìí kànga. Ìyá Àgbà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní agégi ló bí i; bí agégi bá ti gbé àáké kọ́rùn tó kọjú sílé, iṣẹ́ ti tán lọ́jọ́ náà, ọba ì báà pè é, kò tún ní gé ẹ̀ka kan mọ́. Wọ́n wá wo Ràfátù látòkè délẹ̀. "Ìwọ tí o kò gé igi kankan láti àárọ̀, kí lo fẹ́ gbé kọ́rí? Gbé korobá." Bí wọ́n bá sọ pé ẹnì kan bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn á ní ẹni tí ẹ̀rù bà kò ráyè bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n lè jọ gbìmọ̀. Nísinsìnyí tí èmi náà ti di arúgbó, mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà ń dá òmíràn nínú àwọn ìtàn wọ̀nyẹn sílẹ̀ ni, níbi tí wọ́n jókòó sí. Kò burú. Ọ̀rọ̀ tí ó ní ìyá, ìbáà ṣe ìyá àdásílẹ̀, kì í tètè sọnù.

"Ó dàbọ̀" wà lára èyí tí wọn kì í jẹ́ ká fi ṣeré. Wọ́n ní ìlérí ni. Ẹni tó ń lọ ti ṣèlérí pé òun ń bọ̀, ẹni tó ń gbélé ti ṣèlérí pé yóò bá òun nílé. Èyí tí wọ́n sì kọ́ wa ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ohun tí à ń wí bí àlejò bá bá wa nídìí oúnjẹ: "Ẹ bá wa ire o." Mo bi wọ́n pé ta ló bí i. Wọ́n ní ire ni oúnjẹ, ẹni tó bá ọ níbẹ̀, ire ló bá. Bí ó bá sì bu òkèlè kan péré, ó ti bá ọ pín ire nìyẹn. Kò tún gbọdọ̀ fi ẹnu kan náà gbé ibi kalẹ̀ fún ọ. Ìdí nìyí tí atúfọ̀ kì í fi í jẹun. Ẹni tó bá gbé ìròyìn òkú wá sílé wa, ìbáà ti rìn láti òwúrọ̀, ìbáà máa gbọ̀n fún ebi, kò ní jókòó, kò ní gba omi, títí yóò fi sọ ọ́. Bí ó bá wá ṣèèṣì jẹun, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti wọlẹ̀, àfi kí ẹlòmíì tí kò tíì jẹun lójúde náà lọ́jọ́ náà wá gbà á sọ. Bóyá ilé mìíràn ní Ayétòrò ń ṣe é bẹ́ẹ̀, bóyá wọn kì í ṣe é, n kò mọ̀. Ní ilé tiwa, òfin ni. Bí àlejò tí a kò retí bá dé, ọwọ́ rẹ̀ ni èmi àti Ràfátù ń wò. Bí ó bá ti gba omi, ọkàn wa á balẹ̀, a ó padà sídìí eré wa.

Jímọ̀ ló máa ń gbé gàrí Màmá kọjá sí ọjà Kétu, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Bàbá, ní ọ̀nà igbó tí kọ́sítọ̀mù kì í fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó ga, ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, kì í sì í ti ọjà náà bọ̀ láìgbé ọ̀rọ̀ Faransé kan bọ̀. "Sàfá", pé dáadáa ni, ló fi ń dáhùn gbogbo ìbéèrè ní ọdún náà. Ìyá Àgbà bi í pé ta ló bí èyí. Ó ní àwọn Faransé ni. Wọ́n ní kí ó dá a padà fún wọn, àwọn tiwa pọ̀ nílé tí kò tíì rí ẹni tọ́jú wọn. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀nà ti gbẹ. Màmá wà nídìí agbada. Jímọ̀ di àpò mọ́ kẹ̀kẹ́, ó gbá aago lójúde kí Ràfátù lè sáré tẹ̀ lé e díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó ní, "Màmá, ó dàbọ̀ o." Èéfín wà lójú Màmá, wọn kò gbé orí sókè. Wọ́n ní, "Ó dàbọ̀. Má jẹ́ kí oúnjẹ rẹ tutù." Gbogbo ohun tí ìyá àti ọmọ bá ara wọn sọ nìyẹn, ó sì jọ ohun tí kò tó nǹkan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó yẹ kí ó dé, Màmá bu oúnjẹ tirẹ̀, wọ́n fi igbá dé e, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi. Kò dé. Ọjọ́ kejì, wọ́n tún bu òmíràn. Kò sí ohun àjèjì níbẹ̀. Ẹni tó wà lọ́nà, ìpín rẹ̀ kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń gorí ọjọ́, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí yà wá bi Màmá bóyá wọ́n ti gbúròó Jímọ̀. Màmá kò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé, "Oúnjẹ rẹ̀ wà lábẹ́ igbá." Láti inú yàrá wọn, Ìyá Àgbà á dáhùn pé, "Kí igbá má fọ́." Kò pẹ́ tí gbogbo agbo ilé fi mú un. Bí wọ́n bá bi Bàbá Táńkò ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ẹnì kan yóò ṣeé gùn, á ní ó wà lábẹ́ igbá. Bí Sáúbánà bá ń retí kí ewúrẹ́ rẹ̀ bímọ, ó wà lábẹ́ igbá. Àwọn èèyàn ń fi rẹ́rìn-ín, Màmá náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ní òwúrọ̀, oúnjẹ tó sùn náà kò ṣeé dànù. Èmi àti Ràfátù ni wọ́n ń ṣí i fún. Làfún tútù, ọbẹ̀ tó ti dì, ẹja tó tóbi ju tiwa lọ nítorí ọkùnrin ni wọ́n bù ú fún. Inú wa dùn sí i; ẹ má bínú, ọmọdé ni wá. Gbogbo ìlú ń sọ pé àwọn ọmọ Ìyá Jímọ̀ ń sanra. Oúnjẹ tí wọ́n fi ń de ẹ̀gbọ́n wa ló ń hàn lára wa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni a gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí kò mọ aago kẹ̀kẹ́ Bàbá nínú ilé wa. Ó ní ibì kan tó ti sán, ohùn rẹ̀ máa ń gé lójijì. Ràfátù ti sáré jáde kí n tó fọ ọwọ́ mi. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró gbagidi. Amúsá ló di kẹ̀kẹ́ mú, ọkùnrin ará Kétu tí Jímọ̀ máa ń dé sílé rẹ̀, tó ti bá a wá sọ́dọ̀ wa rí. Eruku bò ó dé irun. Aago tí a gbọ́ yẹn, òkúta ojú ọ̀nà ló gbọn kẹ̀kẹ́ tó fi dún. Kì í ṣe pé ó gbá a. Màmá jáde lẹ́yìn wa. Wọ́n wo kẹ̀kẹ́, wọ́n wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ níbi tí àpò kò sí, wọ́n wo Amúsá. Èmi wo ojú Màmá, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Amúsá, o bá wa ire o."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní—"

"Jókòó. Ẹni tó rìn láti Kétu kì í dúró sọ̀rọ̀."

Wọ́n ti wọlé kí ó tó yanu tán. Igbá Jímọ̀ ni wọ́n ṣí, oúnjẹ Jímọ̀ ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, wọ́n bu omi ìfọwọ́ fún un, wọ́n sì kúnlẹ̀ tì í bí ẹni pé òun ni ọkọ. Amúsá gbójú sókè sí Ìyá Àgbà tó ti jáde dúró lẹ́nu yàrá wọn. Ó ń fi ojú bẹ̀ wọ́n. Ó mọ òfin ilé wa, nítorí Jímọ̀ ti fi pa á lẹ́rìn-ín rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ ni Amúsá, ìyá kan sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó bu òkèlè. Bí ó ti ń jẹ ẹ́ ni omijé ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Màmá ní, "Ata ti pọ̀ jù níbẹ̀." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Màmá lọ bu òmíràn kún un. Nígbà tí wọ́n padà, àwọn ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ ketekete kí gbogbo ojúde lè gbọ́, pé iṣẹ́ ni Jímọ̀ rí sí Kétu, pé ó mọ̀ pé Bàbá ń wá kẹ̀kẹ́ ló ṣe fi rán Amúsá, pé ọmọ tó mọ nǹkan ni. Amúsá tẹjú mọ́lẹ̀. Ó jẹun dé ìdí àwo.

Bàbá dé láti oko, wọ́n bá a nídìí oúnjẹ, ara wọn yá gágá. Àwọn ló sìn ín sọ́nà. Ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ilé ti tán, ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ilé wa, Amúsá gbé ohun tó gbé wá lé Bàbá lọ́wọ́: ibà ló mú Jímọ̀ ní ọjà, kò dìde mọ́, wọ́n sì ti sin ín lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí a ti ń sin mùsùlùmí. Bàbá padà sílé wọ́ọ́rọ́wọ́, ọwọ́ lẹ́yìn. Mo wà lójúde, mo rí wọn. Oúnjẹ wọn ti wà nílẹ̀. Màmá ní, "Bàbá Jímọ̀, ẹ wá jẹun, ó ń tutù." Bàbá dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́, wọ́n jẹun. Ẹnu tiwọn náà ti dí.

Bàbá sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà lẹ́yìnkùlé. Ìyá Àgbà pe èmi àti Ràfátù wọ yàrá, wọ́n sọ ọ́ fún wa, wọ́n sì fi ọwọ́ bo ẹnu wa kí a tó ké. Wọ́n ní àwa tí à ń jẹ nínú ìkòkò Màmá láàárọ̀ lálẹ́, àwa kọ́ ni yóò sọ ọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n Bàbá ní Afọ̀n pé kí wọ́n wá túfọ̀. Bàbá Afọ̀n búra pé àwọn kò ní fẹnu kan omi ní Ayétòrò. Bí wọ́n ti ń bọ̀ lókèèrè, Màmá ti pàdé wọn lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà, wọ́n kúnlẹ̀ sínú eruku, wọn kò dìde títí àgbàlagbà náà fi gbà á. Bàbá Afọ̀n sùn sílé wa, wọ́n jí, wọ́n padà lọ. Ohun tí wọ́n sọ fún Bàbá ni pé, "Ọwọ́ ìyàwó rẹ yá ju ẹnu mi lọ." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀. Kò sí ẹni tó wọ ojúde wa ní ọdún náà tí kò bá àwo níwájú rẹ̀ kí ó tó kí ni. Atinúkẹ́ oníbàárà wọn tó wá ra gàrí jẹun. Ẹni tó ṣìnà jẹun. Ní ìlú, ọ̀rọ̀ mìíràn ti bí ara rẹ̀: bí wọ́n bá fi oore pa ẹnì kan lẹ́nu mọ́, wọn á ní wọ́n ti fún un lóúnjẹ Ìyá Jímọ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn nígbà tí mo ti ní ọkọ, wọ́n ń fi bú olóṣèlú kan. Wọn kò mọ ìyá tó bí i. N kò sọ fún wọn. Ní gbogbo ọdún tí à ń dákẹ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìpín Jímọ̀ ń lọ sábẹ́ igbá. Ní òwúrọ̀, wọ́n ń ṣí i fún èmi àti Ràfátù. A ti mọ̀ nígbà náà. Ebi kò jẹ́ ká kọ̀ ọ́, ẹ̀rù kò sì jẹ́ ká sọ ìdí tí a ó fi kọ̀ ọ́. Títí di òní, n kì í fẹnu kan làfún tó sùn.

Ààwẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ló rò ó, wọ́n dákẹ́ dè é títí oṣù fi lé. Ní ọ̀sán ààwẹ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Àlùfáà Búráímọ̀ tó ń kọ́ wa ní kéú wọ ojúde, ètè rẹ̀ gbẹ. Màmá ń pa ẹ̀gúsí. Wọ́n rí i, wọ́n dìde kíá bí ìṣe wọn, wọ́n wọ ilé ìdáná. A gbọ́ tí wọ́n ṣí ìkòkò. A gbọ́ tí wọ́n dé e padà. Ìgbà tí wọ́n jáde, ọwọ́ wọn ṣófo, wọ́n na méjèèjì síwájú bí ẹni pé àwo ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Àlùfáà, ẹ bá wa..." Wọn kò parí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè fi oúnjẹ lọ aláàwẹ̀ lójú oòrùn.

"Ìyá Jímọ̀, n kò wá jẹun."

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sórí èèpo ẹ̀gúsí. Wọ́n wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan: Bàbá tó fara ti ògiri, Ìyá Àgbà, èmi, Ràfátù. Wọ́n ní, "Ẹ sọ ọ́, kí gbogbo yín lè sinmi." Àlùfáà sọ ọ́. Màmá ká ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà kò sọ ìyá rẹ̀ fún wa rí nìyẹn, káwọ́lérí. Ọjọ́ náà ni mo rí i pé kò nílò rẹ̀. Wọn kò ké. Bàbá ló ké. Nígbà tí oòrùn wọ̀, Màmá pín oúnjẹ ìṣínu fún gbogbo wa, kò ku nǹkan kan nínú ìkòkò. Ọjọ́ kejì, mo bá wọn nídìí agbada, wọ́n ń ro gàrí nínú èéfín. Àfọ́kù igbá ọwọ́ wọn tuntun ni, ara rẹ̀ ṣì mọ́. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi. Igbá Jímọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ohun tí èmi àti Ràfátù fi jiyàn títí a fi darúgbó ni bóyá Màmá mọ̀. Ràfátù ní wọ́n mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, pé ńṣe ni wọ́n fi oúnjẹ dí ẹnu Amúsá, wọ́n fi dí ẹnu gbogbo ayé. Èmi ní rárá. Mo ní ìyá kankan kò lè mọ̀ kí ó máa gbọ́únjẹ fún òkú lójoojúmọ́, kí ó máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní ìrètí ni. Ràfátù á ní mo fẹ́ràn ìrètí jù, pé ìyẹn ló fà á tí mo fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ mi àkọ́kọ́. Màmá ti kú, Bàbá ti kú, Ìyá Àgbà ti kú tipẹ́. Bàbá Táńkò àti Sáúbánà, ilé wọn ti di ibi tí wọ́n ń ta sìmẹ́ńtì. Kò sí ẹni tí a lè bi mọ́. Àríyànjiyàn náà ló kù tí a fi ń mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wá.

Ràfátù dùbúlẹ̀ ní ọsibítù ní Ìlaròó lẹ́yìn tí ọ̀gbìn parí. Ó ṣì pè mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í nípa ara rẹ̀. Ó ní ó wà lábẹ́ igbá, ohùn rẹ̀ tinrín bí òwú. Lẹ́yìn náà ni àárọ̀ kan mọ́ tí fóònù kò dún. Mo gbé e lé itan mi. Kò dún. Ní ọ̀sán, mọ́tò Múrì dúró lẹ́nu géètì mi. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó dúró díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń wọ́ kiri láti ọjọ́ yìí ló gbé mi dé ilé ìdáná bí ẹsẹ̀ ọmọge. Èmi tí n kò jẹun láti òwúrọ̀, mo pariwo láti inú ilé, "Múrì, o bá mi ire o." Mo ti bu làfún. Mo ti bu ọbẹ̀. Mo to ẹja lé e. Ó ní, "Màmá Ayétòrò, ẹ jẹ́ kí n—" Mo ní kí ó jókòó, pé ẹni tó wa mọ́tò láti Ìlaròó kì í dúró sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara mi. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́.

Múrì wo oúnjẹ. Ó ti sùn sí ọsibítù, ebi ń pa á, ọmọ náà fọwọ́, ó ń jẹ. Mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Òkèlè kan, òkèlè mìíràn. Ní gbogbo ìgbà tó ń jẹun yẹn, àbúrò mi wà láàyè. Mo dìde, mo bu ẹja kún un. Mo ní kí ó má kánjú. Mo sì mọ̀ nígbà náà pé Ràfátù ló jàre, láti ọjọ́ tí a ti ń jiyàn, òun ló jàre; Màmá mọ̀, wọ́n mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹni kan ṣoṣo tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún pé ó jàre ni ẹni tí n kò ní rí sọ ọ́ fún mọ́. Múrì jẹun tán. Ó fọ ọwọ́, ó fi hánkáṣífù nù ún, ó tún ẹnu rẹ̀ nù. Ó wá sún àga mọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú.

"Màmá Ayétòrò, Màmá mi ti lọ. Láàárọ̀ yìí ni."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Kò sí ohun tó dí i lẹ́nu. N kò bínú sí i, ta ló kọ́ ọ? Mo wo àwo iwájú rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ mọ́ títí dé ìdí. Mo ní, "Kí igbá má fọ́."

"Ẹ ní kí ni, Màmá?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo gbé àwo náà nílẹ̀, mo lọ fọ̀ ọ́.